Owó oṣooṣù lórí ìròyìn bọ́ọ̀lù: ṣé ọ̀nà The Athletic ni, ti Defector ni, àbí ti Patreon?

Àbúrò mi kan n'Ìbàdàn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ ṣí ìkànnì kan tí màá ti máa kọ nípa 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn wa, nìkan, táwọn èèyàn á máa sanwó oṣooṣù kí wọ́n tó kà á, ṣé owó wà níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìdí fẹ́ńdọ̀ ní Mọ́kọ́lá níjọ́sí ni mo rántí, tí èèyàn ogún á yí Complete Sports kan ṣoṣo ká, wọ́n á ka iwájú, wọ́n á ka ẹ̀yìn, wọ́n á jiyàn lórí ẹ̀ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn, àmọ́ ẹni tó máa ki ọwọ́ bọ àpò nínú wọn ò ju méjì lọ. Free readers association. Àwọn yẹn gan-an lo fẹ́ kó máa sanwó lóṣooṣù?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó rò ó, ìbéèrè gidi ló bi mí. Àwọn kan ti dán an wò lókè òkun. Àwọn kan fi owó olówó dáná, àwọn kan jẹun níbẹ̀, àwọn míì sì wà tí wọn ò pariwo tówó ń wọlé fún wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i nìyí, mo kàn tún un tò díẹ̀ kẹ́yin náà lè rí i lò tẹ́ ẹ bá ń ro irú ẹ̀.

Àbúrò, ohun kan ni kó o máa bi mí ní gbogbo ibi tá a bá dé: tí ẹnì kan bá san owó tiẹ̀ tán, tá a yọ owó ẹni tó kọ̀wé àti owó mọ́tò tó gbé e lọ pápá, kí ló kù? Má bi mí pé èèyàn mélòó ló forúkọ sílẹ̀ láti máa sanwó. Ẹni tó bá ń sọ iye èèyàn nìkan fún ẹ, tí ò sọ ti ìnáwó, ó ní nǹkan tó fẹ́ tà fún ẹ.

The Athletic

Alex Mather àti Adam Hansmann, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Strava (áàpù táwọn tó ń sáré àtàwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń lò yẹn), ló dá ìkànnì ìròyìn eré ìdárayá yìí sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2016 ní Chicago. Ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó o fi í sọ́kàn. Wọ́n rí i pé àwọn ilé ìwé ìròyìn ìlú kéékèèké l'Amẹ́ríkà ń lé àwọn tó ń kọ eré ìdárayá kúrò níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ebi ìròyìn ẹgbẹ́ wọn ṣì ń pa àwọn olólùfẹ́. Wọ́n wá ní kò sí ìpolówó, kò sí fídíò tó máa fò sí ẹ lójú, san nǹkan bí ọgọ́ta dọ́là lọ́dún kó o ka iṣẹ́ tó dáa nípa ẹgbẹ́ ìlú ẹ. Tá a bá ń sọ òótọ́, èrò yẹn dáa, kò tíì sẹ́ni tó rí èyí tó dáa jù ú lọ.

Ìnáwó ẹ̀ ni wàhálà. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gba àwọn òǹkọ̀wé tó lórúkọ, wọ́n ń san owó tó pọ̀ ju èyí tí ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́ ń san, nígbà tó di oṣù kẹjọ 2019 wọ́n wọ ìlú Ọba, wọ́n kó àwọn oníròyìn bíi David Ornstein kúrò ní BBC, gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé Arsenal ló rántí ariwo ọjọ́ yẹn. Kí èèyàn tún lè wọlé, wọ́n á ní kó o san dọ́là kan péré lóṣù fún ọdún àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2020 wọ́n pé mílíọ̀nù kan oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Kòrónà ti gbogbo pápá pa, wọ́n ti ní kí èèyàn 46 máa lọ ilé.

Wàyí o, ní oṣù kìíní 2022 New York Times kéde pé àwọn máa ra The Athletic ní mílíọ̀nù 550 dọ́là. Oníbàárà tí wọ́n ní nígbà yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 1.2, tó o bá pín in, nǹkan bíi $458 ni wọ́n ra orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyẹn 2021, mílíọ̀nù 65 dọ́là ló wọlé fún The Athletic, àdánù wọn sì jẹ́ mílíọ̀nù 55. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 120 ni wọ́n ná. Ìyá alákàrà tó ń ta àkàrà ₦100, tó sì jẹ́ pé ẹ̀wà, òróró àti igi ìdáná orí ẹ̀ ti gba ₦185, tó wá ń yọ̀ pé èrò pọ̀ lórí ìlà! Bí èrò ṣe ń pọ̀ lórí ìlà ni gbèsè ń ga.

Ìgbà wo ni wọ́n wá rí èrè? Oṣù mẹ́ta tó parí ní oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, mílíọ̀nù 2.6 dọ́là. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe owó oṣooṣù nìkan ló gbé wọn débẹ̀ o. New York Times ti fi ìpolówó sí i láti oṣù kẹsàn-án 2022 (àwọn tó ní kò sí ìpolówó!), wọ́n dì í pọ̀ mọ́ ìròyìn, eré ọ̀rọ̀ àti ìwé ìdáná wọn kí wọ́n jọ máa tà á, wọ́n tún dá nǹkan bí ogún èèyàn dúró ní oṣù kẹfà 2023, oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n kéde pé àwọn máa tú ẹ̀ka eré ìdárayá ti New York Times fúnra ẹ̀ ká, wọ́n ní The Athletic ni kó máa ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí wọn ò bá sí lábẹ́ olówó ńlá, mi ò rò pé wọ́n á rí ọdún 2024 yẹn lójú. Èrò tèmi nìyẹn, ẹ lè bá mi jà.

Defector

Tàwọn yìí ló wù mí jù, kí n má purọ́. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Deadspin, àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ lẹ́nu gan-an, wọ́n á kọ bọ́ọ̀lù, wọ́n á tún ti ibẹ̀ gba inú òṣèlú àti oúnjẹ kọjá. Ní oṣù kẹwàá 2019 àwọn tó ra ilé iṣẹ́ náà ní eré ìdárayá nìkan ni kí wọ́n máa kọ, wọ́n lé igbákejì olóòtú wọn, Barry Petchesky, torí pé kò gbọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn tó kù kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí ogún èèyàn, kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnì kan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹsàn-án, èèyàn mọ́kàndínlógún, tó jẹ́ pé àwọn tó kúrò ní Deadspin ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣí Defector. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ olówó kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín, oníkálukú ní ìpín tiẹ̀, owó tó bá wọlé ni wọ́n ń ná. Nǹkan bíi dọ́là mẹ́jọ lóṣù ni wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ wọn, mílíọ̀nù 3.2 dọ́là wọlé, nǹkan bíi 40,000 èèyàn ló sanwó, èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ló sì wá láti ọwọ́ àwọn òǹkàwé fúnra wọn.

Tó o bá pín mílíọ̀nù 3.2 sí ọ̀nà mọ́kàndínlógún, ó fi díẹ̀ lé ní $168,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ má tíì fò sókè o, nínú ẹ̀ ni owó orí wà, nínú ẹ̀ ni owó ìtọ́jú ìlera wà (l'Amẹ́ríkà, ìyẹn nìkan tó kọ́lé), owó lọ́yà, owó àwọn tó ń tọ́jú ìkànnì. Síbẹ̀ ó tó wọn jẹ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wọn ò gba ọgọ́rùn-ún òǹkọ̀wé, wọn ò rán ẹnikẹ́ni lọ gbogbo ìlú, èrò ọkàn wọn àti àwàdà wọn ni wọ́n ń tà, èyí tí ò gba owó ọkọ̀ òfuurufú.

Deadspin tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Oṣù kẹta 2024 ni wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Yúróòpù, gbogbo òṣìṣẹ́ tó kù níbẹ̀ ni wọ́n ní kó máa lọ.

Ibi tí ìṣirò Defector ti lè tàn ẹ́ jẹ ni pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ látoókan. Èèyàn ti ń kà wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjà tí wọ́n bá ọ̀gá wọn jà sì polówó wọn káàkiri láìná kọ́bọ̀. Ìwọ, àbúrò mi tí mo fẹ́ràn, ta ló mọ̀ ẹ́? Àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní WhatsApp group 3SC, tí wọ́n ń bú ẹ nígbà tó o ní kí wọ́n pààrọ̀ gólíkípà.

Patreon, Substack, àtàwọn tó ń ṣe é fúnra wọn

Àwọn ará Ireland kan wà, Second Captains, rédíò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kúrò ní Newstalk ní 2013, wọ́n lọ bá Irish Times, nígbà tó di 2017 wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n lọ sórí Patreon (ìkànnì táwọn olólùfẹ́ ti ń sanwó oṣooṣù fún ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ wù wọ́n), wọ́n ní kí olólùfẹ́ máa san yúrò márùn-ún lóṣù (owó orí ọjà lọ́tọ̀) kó lè máa gbọ́ pọ́díkáàsì wọn lójoojúmọ́. Èèyàn díẹ̀, máíkì díẹ̀, ọ́fíìsì kékeré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tẹ̀ lé wọn. Arseblog náà ń bẹ, láti 2002 ló ti ń kọ nípa Arsenal lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo àárọ̀ ọlọ́run, ẹni tó bá wá fẹ́ àfikún ló ń lọ san owó díẹ̀ ní Patreon. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́ títí di báyìí. Ṣé o rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀? Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé àga kan tó rọ̀ sí yàrá inú, ó ní ẹni tó bá wù kó wọlé.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbí, Substack (ìkànnì tí òǹkọ̀wé fi ń kọ ránṣẹ́ sí ímeèlì òǹkàwé, tó sì lè fi gba owó) ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó káàdì lọ́tọ̀, Patreon náà ń mú tiẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀ dúró lórí ìwọ nìkan. Tí ibà bá gbé ẹ dè lọ́sẹ̀ méjì, ilé iṣẹ́ ti dùbúlẹ̀ nìyẹn.

(Ọ̀nà kẹrin wà o, èyí tó wọ́pọ̀ jù nílé: kà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ilé tẹ́tẹ́ máa sanwó ìpolówó. Mo ti ṣiṣẹ́ fún irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ rí l'Ékòó, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọjọ́ tí onítẹ́tẹ́ ní òun ò ṣe mọ́, owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ wá. Ó tún burú ní ti pé o ò ní lè kọ pé tẹ́tẹ́ ń ba ayé àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, ṣé wàá bú ẹni tó ń bọ́ ẹ ni? Mi ò sọ pé kẹ́nì kankan má ṣe é, mo kàn ń sọ ohun tójú mi rí.)

Tá a bá gbé wọn síwájú ara wọn

Owó tó o máa fi bẹ̀rẹ̀: The Athletic nílò owó olówó, àwọn tó kówó lé e fi ju mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún dọ́là síbẹ̀ kó tó di títà. Defector nílò orúkọ tó ti wà nílẹ̀. Patreon nílò sùúrù àti dátà.

Ta ló ni ín lọ́wọ́ alẹ́? The Athletic, ẹni tó rà á ló ni ín. Méjì tó kù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ni ín, kò sì sí ẹni tó máa fi ímeèlì àárọ̀ Mọ́ńdè lé wọn kúrò.

Tó o bá fẹ́ dolówó ńlá tí wọ́n á ra ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ti The Athletic nìkan ló lè ṣe ìyẹn, ó sì máa ń já mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Tó o bá fẹ́ jẹun kó o sanwó ilé, wo àwọn méjì tó kù. Èmi ò mọ ẹni tó lè ṣe ti The Athletic ní Nàìjíríà lónìí, torí níbí, bọ́ọ̀lù wíwò gan-an làwọn èèyàn ń sanwó fún, tiwọn ni pé kí DStv ṣiṣẹ́ tàbí kí jẹnẹrétọ̀ viewing centre má kú. Wọn ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ìtàn tó tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà.

Bí owó ṣe máa wọlé nílé ńbí

Ibí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà, torí ibí làwọn tó ń kọ́ wa láti òkè òkun kì í dé.

Àkọ́kọ́, Substack. Stripe ni wọ́n fi ń san owó fún òǹkọ̀wé, Stripe ò sì ṣí àkáǹtì tààrà fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín torí Stripe yìí kan náà ló ra Paystack tiwa, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2020. Nítorí náà, o lè kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Substack, àmọ́ láti gba owó níbẹ̀, àfi tó o bá ní ẹni lókè òkun.

Ìkejì, dọ́là. Láàárín 2022 sí 2023, ọ̀pọ̀ báǹkì wa ló dí káàdì náírà pa fún ọjà òkèèrè. Nígbà tó sì ṣí padà, dọ́là márùn-ún tó jẹ́ nǹkan bíi ₦2,300 ní báǹkì níbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá ₦7,000 kí 2024 tó parí. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000, kò ní yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀ fún ẹ torí ìtàn 3SC. Náírà ni kó o fi ta ọjà ẹ.

Paystack ń mú ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí káàdì ilé, ₦100 tí wọ́n ń fi lé e kì í sí níbẹ̀ tí owó náà ò bá tó ₦2,500. Ká ní ₦1,500 lò ń gbà lóṣù, ₦22 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ló máa lọ. Èèyàn 300, ₦450,000, wọ́n á mú ₦6,750, ó ku ₦443,250. Èèyàn kan lè jẹ ẹ́, á sì tún rí owó mọ́tò lọ àwọn ìlú tó wà nítòsí tí 3SC bá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó jìn bíi Kánò àti Màídúgùrì, tẹlifóònù ni kó o fi ṣe é.

Àmọ́ kèrègbè yìí ń jò. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, márùn-ún ló ń kúrò lóṣooṣù, tí o ò sì rí ẹni tuntun kankan, 300 yẹn á ti di nǹkan bíi 162 lẹ́yìn ọdún kan. Márùn-ún péré o! Nílé ńbí ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe torí pé wọn ò fẹ́ràn ẹ, káàdì ló máa kọ̀, tàbí kí owó má sí nínú àkáǹtì lọ́jọ́ tí Paystack kan ilẹ̀kùn, tàbí kó jẹ́ pé tiráńsífà ló fi san tẹ́lẹ̀, tiráńsífà kì í sì í sọ ara ẹ̀ dọ̀tun, ìwọ lo máa máa rán wọn létí bí alájọ. Tí líìgì bá tún parí, tí wọ́n lọ fún ìsinmi, èwo ni kí wọ́n máa sanwó fún? Ìdí nìyí tí mo fi ní kó o ní owó ọdọọdún, ₦15,000 dípò ₦18,000, kó o tà á lọ́sẹ̀ tí sáà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì gbà pé 3SC ló máa gba ife. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti jẹ gólì mẹ́ta nílé.

Ní ti screenshot, wọ́n á ṣe é, wọ́n á jù ú sí group. Má fi ìyẹn pa ara ẹ. Ohùn ni kó o fi kún un, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, àti kí wọ́n lè bi ẹ́ léèrè kó o dá wọn lóhùn, ìyẹn ò ṣe é yà ní fọ́tò.

Má gbàgbé àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà ní Peckham àti Houston. Àwọn yẹn ò rí pápá Adámásìngbà, àárò ẹ̀ ń sọ wọ́n. Àwọn tó ń rántí ife Áfíríkà ti 1976, àwọn tó rí Rashidi Yekini nígbà tí ò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lókè òkun. Àádọ́ta nínú wọn tó bá ń san £3 lóṣù, tí pọ́n-ùn kan bá ń lọ sí ₦2,000, ₦300,000 nìyẹn. Paystack máa mú tó pọ̀ díẹ̀ lórí káàdì òkèèrè, ìdá 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100, kò burú. Tèmi ni pé àwọn gan-an ni kó o kọ́kọ́ wá.

Èwo ni kó o mú?

Ti Arseblog. Kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta, lójoojúmọ́ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wà, má ṣí ìkànnì olówó ńlá kankan, lẹ́yìn náà kó o ṣí yàrá inú. Ohun tí The Athletic kọ́kọ́ rí ní Chicago lo máa mú nínú tiwọn, ìlú kan, ẹgbẹ́ kan, kó o mọ̀ ọ́n dé ìdí. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, má dá a láṣà. Ti Defector, o lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tó o bá rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n lè kọ̀wé tẹ́ ẹ sì lè pín owó láìjà, ìyẹn gan-an le ju bọ́ọ̀lù lọ.

Kó o tó fi iṣẹ́ tó ò ń ṣe sílẹ̀, wá ọgbọ̀n èèyàn tí kò bá ẹ tan tó máa san ₦1,500 fún oṣù méjì léra wọn. Kì í ṣe oṣù kan o. Oṣù kan, ojú àánú ni wọ́n fi ń san án.

Nígbà tí mo fi èyí ránṣẹ́ tán, ó pè mí padà lálẹ́. Kò bi mí léèrè nípa Paystack, kò bi mí léèrè nípa New York Times. Ó ní ṣé òun lè ka Bàbá Àgbà wa mọ́ ọgbọ̀n náà, torí láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe 3SC ní IICC ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé e. Mo ní àbúrò, Bàbá yẹn wà lára àwọn tó máa ń yí fẹ́ńdọ̀ ká ní Mọ́kọ́lá.